Háńdù ọ̀kadà gún àbúrò mi níkùn, nǹkan kan ń yọ tó bá ti wúkọ́

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọ̀kadà gbé àbúrò mi ọkùnrin ṣubú lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnu háńdù gún un níkùn, ara ò bó rárá, ó kàn dúdú roboto bí ìdérí ìgò ni. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀, wọ́n fún un lóògùn ìrora, ó sì ti padà síbi iṣẹ́. Láti ìjẹta ṣá, tó bá ti wúkọ́ báyìí nǹkan kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, ó tó ẹyin adìẹ, tó bá dùbúlẹ̀ á tún wọlé. Ìyá wa ní ìpá ni, ká wá ẹni tó máa fi òrí wọ́ ọ. Ṣé ìpá ń wà níkùn ni?

Nọ́ọ̀sì Tíátà: Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ o!! Ìpá náà ni màmá pè é yẹn, hẹ́níà, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ń sọ̀ sínú ẹpọ̀n. Awọ máa ń fà, ẹran abẹ́ ẹ̀ ni ò lè fà tó bẹ́ẹ̀, òun ló ya, ibẹ̀ sì ni ìfun ń gbà yọjú. Ẹ̀jẹ̀ tó dì kì í wọlé téèyàn bá dùbúlẹ̀. CT scan ni kẹ́ ẹ bèèrè, ó máa fi bó ṣe ya tó hàn, àti bóyá nǹkan míì ti bà jẹ́ nínú, torí scan tí wọ́n ń ṣe fún aboyún máa ń fò ó nígbà míì. Kó má gbé ẹrù. Tó bá yọ tó le tí ò wọlé mọ́, tó ń bì, tí ò lè só, kódà kó jẹ́ òru, ẹ gbé e lọ.

Bàbá Dírẹ́bà: Bẹ́líìtì mọ́tò ló ṣe temi. Ìfun ti dálu, òru ọjọ́ yẹn ni wọ́n là mí, òwú lásán ni wọ́n fi rán an torí ìgbẹ́ ti dà sínú ikùn, wọ́n ní nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń bo ibi tó ya máa kẹ̀. Ó tún yọ, lọ́dún kejì ni wọ́n wá fi nẹ́ẹ̀tì sí i. Ẹ bá a wá pílò tó máa dì mọ́kùn tó bá fẹ́ wúkọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ máa rántí mi.

Ìyá Ìbejì: Nẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Bíi ti ẹ̀fọn?

Nọ́ọ̀sì Tíátà: Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ni, ní Uganda wọ́n ti pa kòkòrò ara nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, wọ́n fi ṣe ìpá abẹ́ ikùn fáwọn ọkùnrin, èsì ẹ̀ jáde ní 2016, ó ṣiṣẹ́ bíi nẹ́ẹ̀tì ọsibítù olówó gọbọi. Ẹ má lọ gé tilé o 😂

Ìyá Ìbejì: A ti wà lójú ọ̀nà ọsibítù. Màmá ṣì gbé òrí wọn dání.