Mọ́nítọ̀ tí kò gunpá fún géèmù àti iṣẹ́ ojoojúmọ́: 24 ínǹṣì ni àbí 27?

ỌmọMọ́kọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mọ́nítọ̀ ni mo fẹ́ rà, owó tó wà nílẹ̀ ò ju ₦250,000 lọ. Excel àti Word ni mo ń bá yí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tó bá dalẹ́, géèmù bọ́ọ̀lù EA FC. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, géèmù ìbọn Counter-Strike 2. Laptop ni mo ń lò, káàdì àwòrán (GPU) NVIDIA GTX 1650 ló wà nínú rẹ̀, ihò HDMI kan àti USB-C kan ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlọ́jà kan ní kí n gbé 27 ínǹṣì kan tí ojú rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, 1080p, 165Hz (iye ìgbà tí àwòrán ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹlòmíì ní Dell tòkunbọ̀ 24 ínǹṣì ni kí n rà, pé owó rẹ̀ ò tó ìdajì tìyẹn. Ìbàdàn ni mo wà, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Èwo ni kí n gbé, kí ni kí n sì yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

BàbáWáyà

Ẹ kúu wíwá. Ẹ fi 27 ínǹṣì yẹn sílẹ̀. Ẹ lè fi ta géèmù dáadáa o, Excel ni yóò fi ìyà jẹ yín. Ohun tí 1080p ń sọ ni pé píksẹ́lì (ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 1920 ló wà ní ìbú, 1080 ní òòró, bó ti wù kí ojú mọ́nítọ̀ fẹ̀ tó. Tẹ́ iye yẹn sórí 24 ínǹṣì, bíi 92 ló máa bọ́ sínú ínǹṣì kan. Tẹ́ ẹ sórí 27, ó di bíi 82. Tí ẹ bá jókòó síbi tí ọwọ́ yín ti lè kan ojú mọ́nítọ̀, ẹ ó rí i tí etí lẹ́tà kéékèèké nínú Excel á máa rí jágajàga. 27 ínǹṣì tó máa gbé lẹ́tà mọ́, 1440p ló yẹ kó jẹ́, ìyẹn bíi 109 nínú ínǹṣì kan. Ṣùgbọ́n píksẹ́lì 1440p fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3.7, ti 1080p ò ju mílíọ̀nù 2.1 lọ, GTX 1650 yín yìí kan náà ni yóò sì máa ya gbogbo rẹ̀. Ẹrù yẹn á wúwo fún un tó bá di Counter-Strike 2.

Ohun tí mo máa rà tó bá jẹ́ pé èmi ni: 24 ínǹṣì, 1080p, IPS (irú ojú mọ́nítọ̀ kan), 144Hz. AOC 24G2 ni ẹ lè fi ṣe àwòkọ́ṣe. IPS 144Hz ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè lọ sódò.

Ẹ má jẹ́ kí Hz tó tóbi lára páálí gbé yín lọ. Ní 60Hz, àwòrán tuntun ń jáde ní mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7 síra wọn. Ní 144Hz, 6.9. Ní 240Hz, 4.2. Láti 60 sí 144, ẹ ti jèrè bíi 10. Láti 144 sí 240, èrè yín ò pé 3. Owó tó yẹ kó bá Hz lọ lẹ́yìn 144, ẹsẹ̀ tó ṣeé gbé sókè ni kí ẹ fi rà. Etí òkè mọ́nítọ̀ yẹ kó bá ojú yín dọ́gba tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ kúkúrú tí kò ṣeé gbé á mú yín tẹ ọrùn wálẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ pé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan lẹ rí, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ẹ wá ihò síkúrù mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní VESA, 75 × 75 tàbí 100 × 100 mílímítà. Níbi tí ihò yẹn bá wà, ẹ ṣì lè ra apá onírin fún un lọ́jọ́ iwájú.

ÌyáGéèmù

Mo fara mọ́ ti ẹ̀gbọ́n BàbáWáyà. Àfikún mi rèé, lórí èyí tó tẹ̀ bí ọrun yẹn. Mọ́nítọ̀ tó tẹ̀ tí kò sì wọ́n, VA, irú ojú mọ́nítọ̀ mìíràn, ló sábà máa ń jẹ́. VA ní iyì tirẹ̀: ìyàtọ̀ funfun sí dúdú rẹ̀ máa ń tó 3000:1, nígbà tí ti IPS ń bẹ nítòsí 1000:1. Ẹni tó ń wo fíìmù nínú yàrá tó ṣókùnkùn á rí i pé dúdú IPS ń ṣe bí eérú. Ibi tí VA olówó pọ́ọ́kú ti máa ń kùnà ni kí píksẹ́lì kúrò nínú dúdú bọ́ sí eérú. Ó máa ń lọ́ra níbẹ̀. Nínú Counter-Strike, ẹni tó bá sáré gba ẹ̀gbẹ́ ògiri tó ṣókùnkùn kọjá á máa fa ìrù dúdú lẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka ra tàdáwà tí kò tíì gbẹ. Ẹ lọ sí testufo.com lórí mọ́nítọ̀ náà kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ohun tó ń fò kọjá yẹn dáadáa.

Wọ́n á kọ "1ms" gàdàgbà sára páálí. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ tẹ̀lé e. Tó bá jẹ́ MPRT, bí píksẹ́lì ṣe ń yára yí àwọ̀ kọ́ nìyẹn. Iná ẹ̀yìn ni wọ́n ń tàn tí wọ́n ń pa kíákíá, ojú mọ́nítọ̀ á sì ṣú díẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. GtG ni ti píksẹ́lì gan-an, òun náà sì nílò kí ẹ tún Overdrive (ètò tó ń mú píksẹ́lì yára) ṣe nínú mẹ́nù mọ́nítọ̀. Àárín ni kí ẹ fi sí. Tí ẹ bá gbé e sí òpin, ìlà funfun á máa tẹ̀lé gbogbo nǹkan tó ń rìn, ìyẹn sì burú ju ìrù dúdú lọ.

FreeSync ṣe pàtàkì fún irú GPU yín. Kò ní lè yọ àwòrán 144 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà gbogbo. Á jẹ́ 70, á jẹ́ 95, á tún já wálẹ̀. Mọ́nítọ̀ tó bá ní FreeSync, 48 sí 144Hz bí àpẹẹrẹ, á máa bá a rìn, àwòrán ò sì ní gé sí méjì láàárín. NVIDIA náà ń lò ó, orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn ni G-Sync Compatible, láti ọdún 2019. Ẹ rí i pé wáyà DisplayPort lẹ fi so ó.

Tówó bá kù díẹ̀ káàtó, HDR (ètò tó ń mú kí ìyàtọ̀ ibi tó mọ́ sí ibi tó dúdú pọ̀ sí i) ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò. Àmì ẹ̀rí DisplayHDR 400 tí ẹ máa rí lára páálí ò fi dandan lé e pé kí iná ẹ̀yìn máa pa níbi tó dúdú kó sì máa tàn níbi tó mọ́, iṣẹ́ HDR gan-an sì nìyẹn.

ỌmọMọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti yọ 27 kúrò lọ́kàn. Mo yẹ laptop wò. HDMI ò ní àkọlé kankan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ USB-C, àmì kan wà bíi lẹ́tà D tí P wà nínú rẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

BàbáWáyà

Ìròyìn ayọ̀ ni. Àmì DisplayPort nìyẹn. Ẹ ra wáyà tí orí rẹ̀ kan jẹ́ USB-C, tí èkejì jẹ́ DisplayPort. Mítà kan tàbí méjì ti tó. Adápítọ̀ USB-C sí HDMI ò ní ràn yín lọ́wọ́ níbí, ọ̀pọ̀ èyí tí kò wọ́n nínú wọn ò gbé ju 60Hz lọ. Ní ti ihò HDMI yẹn, tó bá jẹ́ 1.4, 120Hz ni kí ẹ fọkàn sí ní 1080p. Tó bá jẹ́ 2.0, 144 á gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹ ka ìwé mọ́nítọ̀ náà pẹ̀lú, torí Hz tí ihò HDMI rẹ̀ ń gbà àti èyí tí ihò DisplayPort rẹ̀ ń gbà lè má dọ́gba.

Nǹkan kan tún wà. Nínú ọ̀pọ̀ laptop, ọ̀dọ̀ GPU Intel ni wọ́n so ihò míì mọ́, wọ́n á so òmíràn mọ́ NVIDIA. Ẹ ṣí NVIDIA Control Panel, ẹ tẹ "Configure Surround, PhysX". Àwòrán kan á hàn tó fi mọ́nítọ̀ yín sábẹ́ GPU tó ń gbé e. Tó bá wà lábẹ́ Intel, géèmù á ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ ò ní rí G-Sync níbẹ̀. Ẹ gbìyànjú ihò kejì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán, Windows lè fi í sílẹ̀ ní 60Hz, ẹ̀yin á sì rò pé 144 lẹ̀ ń lò. Settings, System, Display, Advanced display, kí ẹ wá yan 144 níbi "Choose a refresh rate".

ỌjàÌkẹjà

Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn Dell tòkunbọ̀ díẹ̀. Irú P2419H, IPS ni, lẹ́tà rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gòkè, ó sì ń yí dúró lóòró. 60Hz ni ṣá. Ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ àti EA FC nìkan ló ń ṣe, ó tó o. Counter-Strike ni kò jẹ́ kí n sọ pé kí ẹ gbé e. Tòkunbọ̀ tó jẹ́ 144Hz náà wà lọ́jà, tẹ́ ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ gbé laptop yín àti wáyà yín lọ. Ẹ jẹ́ kó tàn fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, torí iná ẹ̀yìn tó ti ń kú lè dúró dáadáa títí tí yóò fi gbóná, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú. Ẹ fi àwọ̀ kan ṣoṣo bo gbogbo ojú rẹ̀: funfun, dúdú, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Píksẹ́lì tó ti kú á dúdú lórí funfun. Èyí tó há á tàn lórí dúdú. Nígbà tó bá wà lórí dúdú, ẹ ní kí wọ́n pa iná ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìmọ́lẹ̀ tó ń yí bí ẹ ṣe ń gbé orí, ìwà IPS nìyẹn. Èyí tó dúró sójú kan, iná ló ń jò gba etí férémù, kò sì ní àtúnṣe. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì. Ẹ fọwọ́ mi orí wáyà nínú ihò díẹ̀díẹ̀. Tí àwòrán bá ń lọ tó ń bọ̀, ihò ti yẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má gbàgbé adápítọ̀ iná tó bá jẹ́ irú tó ní í níta. Fólítéèjì tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ mu, 19V sí 19V. Ámpíà rẹ̀ lè jù ú, kò gbọ́dọ̀ kéré sí i.

Ní ti iná Ìbàdàn, mọ́nítọ̀ 24 ínǹṣì ò jẹ iná. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí 25W, wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 200Wh lórí ínfátà. Laptop yín nígbà géèmù ló ń jẹun. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ń gba 100 sí 240V, torí náà iná tó rẹlẹ̀ kì í sábà pa á. Ìgbà tí iná bá já dé lójijì ló léwu. Ẹ ra irú aláàbò tó máa ń dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó jẹ́ kí iná wọlé. Tí ínfátà bá jẹ́ irú tí ìgbì iná rẹ̀ ò dán, adápítọ̀ lè máa kùn kó sì gbóná. Ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn wákàtí kan.

ÌyáGéèmù

Tó bá wá jẹ́ HDMI lẹ padà lò, tí dúdú sì ń ṣe bí eérú, tí gbogbo àwọ̀ sì rí bí èyí tó ti ṣá, ẹ má tíì dá mọ́nítọ̀ padà fún ọlọ́jà. NVIDIA Control Panel, Change resolution, ẹ sọ̀ kalẹ̀ síbi "Output dynamic range". Ẹ ó bá a ní Limited, ẹ yí i sí Full. Níbẹ̀ náà, "Output color format" gbọ́dọ̀ wà ní RGB. Tó bá wà ní YCbCr422, lẹ́tà pupa lórí dúdú nínú Excel á máa rí bí ẹni pé omi kán sí i.