Kí ètò máa ṣí, kó máa pa fúnra rẹ̀ lóru

Oníbéèrè, Tankẹ, Ìlọrin: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láptọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù mi ni mo fẹ́ kó máa dáńlóòdù láago 12 òru, kó dáwọ́ dúró láago 5, torí dátà òru ló rọ̀ mí lọ́rùn. Task Scheduler, ètò inú Windows tó ń bá èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lásìkò tó bá yàn, ni mo lò, àmọ́ bí iná bá ti lọ, kì í bẹ̀rẹ̀.

Ará Ọ̀fà: Ẹ̀gbọ́n, nínú ètò iṣẹ́ yẹn, lábẹ́ Conditions, ẹ yọ àmì ojú AC power (kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kìkì tí iná bá wà) àti ti battery tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ (kí iṣẹ́ dúró tí láptọ́ọ̀pù bá bọ́ sórí bátìrì). Àmì ti wà níbẹ̀ látilẹ̀. Níbi tí iná ti ń ṣe ségesège bíi tiwa, àwọn méjèèjì yẹn ló ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ jù.

Ará Òmù-Àrán: Fún pípa, ẹ ṣètò iṣẹ́ kejì fún aago 5: taskkill /IM, àṣẹ Windows tó ń pa ètò, pẹ̀lú orúkọ ètò tó ń dáńlóòdù náà. Tí ẹ bá fi /F kún àṣẹ yẹn, á pa á tipátipá, fáìlì tí kò tíì parí lè bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láìfi kún un.