Ẹ̀yin tí inú ń ta, ṣé wọ́n ti bá yín yẹ kòkòrò wò?

Àdùkẹ́ Òkè-Odò: Ẹ ǹlẹ́ o. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí inú ti ń ta mí lókè ìdodo, àgàgà lóru tí ebi bá dé. Oògùn funfun inú ìgò ni mò ń mu ṣáá. Oṣù tó kọjá ni dókítà ní kí n ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́, ó ní H. pylori ni, kòkòrò tó ń gbé inú ikùn tó sì lè dá ọgbẹ́ síbẹ̀. Àwa mẹ́rin la jọ wà lórí bẹ́ǹṣì, àwa mẹ́ta ló ní in! Ṣé bó ṣe wọ́pọ̀ tó nìyẹn?

Bàbá Ṣíjú: Èmi náà.

Ìyá Ìbejì: Èmi àti ọkọ mi. Oògùn ọjọ́ mẹ́rìnlá, Flagyl wà níbẹ̀, ẹnu mi wá dà bí ẹni ń lá irin. Ara tù mí lọ́jọ́ kẹfà, mo bá pa á tì. Kò pé oṣù méjì, ó tún padà.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa lò ó tán. Kòkòrò tó bá ṣẹ́kù, apá oògùn yẹn lè má ká a mọ́. Àdùkẹ́, ó wọ́pọ̀ gan-an. Bí ìdajì èèyàn ayé ló ní in, láti kékeré la sì ti sábà ń kó o nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ni kò yọ lẹ́nu rárá.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ata ló ń fa ọ́sà, ọgbẹ́ inú yẹn, jàre.

Àlàbí: Ata wo? Ìyá ìyá mi jẹ rodo títí ó fi kú, inú ò ta á rí.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Ata lè ta ọgbẹ́ tó ti wà nílẹ̀, òun kọ́ ló dá a. Nígbà tí wọn ò gba dókítà Barry Marshall gbọ́ ní Ọsirélíà pé kòkòrò yìí ló ń fa ọ́sà, ó gbé kòkòrò náà mu fúnra rẹ̀ ní 1984. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Àlàbí: Ó GBÉ E MU??

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Èmi lo oògùn tán, mo tún ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ó ṣì wà. Owó ni wọ́n ń wá.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Kòkòrò náà lè ti kú tán kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣì máa fi í hàn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìgbẹ́ tàbí èémí ni kí ẹ ṣe, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn oògùn. Ẹ dá omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù, dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Bàbá Ṣíjú: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Awakọ̀ ni mí, ibuprofen ni mo fi ń tọ́jú ẹ̀yìn dídùn. Ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà títì, ó ń dán, ó ń lẹ̀. Mo ní ẹ̀fọ́ ni. Ibi tí mo ti ń so okùn bàtà lójú mi ti ṣú. Àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí mi lára. Wọ́n ki rọ́bà oníkámẹ́rà sí mi lọ́fun, wọ́n bá ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n bá kòkòrò, wọ́n ní ibuprofen náà dá kún un.

Ìyá Ìbejì: Háà! "Èmi náà" péré lẹ kọ látàárọ̀! Ẹ kú ewu o, bàbá.

Àlàbí: Ẹ kú orí ire. Mo ti da ibuprofen tèmi nù.

Àdùkẹ́ Òkè-Odò: Tèmi ti dúdú látìjẹta. Àmọ́ mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń sọ ọ́ dúdú lóòótọ́. Ṣé ó ń lẹ̀? Ṣé òòyì ń kọ́ yín?

Àdùkẹ́ Òkè-Odò: Bẹ́ẹ̀ ni. Méjèèjì.

Bàbá Ṣíjú: Má dúró dọ̀la, ọmọ mi. Dìde báyìí.

Àdùkẹ́ Òkè-Odò: Mò ń wọṣọ.