Ta ló ti lo ìlànà UNESCO fún àwọn olùkọ́ rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ni mo ti ń kọ́ni n'Íbàdàn. Ọ̀gá wa ní kí n ṣàlàyé ìlànà UNESCO tọdún 2018 fún àwọn yòókù, èyí tó ka ohun 18 tó yẹ kí olùkọ́ lè fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe, ní ìpele 3. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí nínú wa. Èmi gan-an, àná ni mo kà á! Kọ̀ǹpútà mẹ́rin la ní, iná ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé fóònù ọwọ́ wa tó o? Ẹ gbà mí, ọjọ́ Ẹtì ni.