"Àn án wá" tí ìyá bàbá mi sọ, ṣé "wọ́n wá" ni àbí "ẹ wá"?

Ọmọ_Ṣágámù:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ìbéèrè kan ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún kìíní ni mo wà, lìǹgúísíìkì àti Yorùbá ni mò ń kà, wọ́n wá fún wa ní asáímẹ́ǹtì pé ká lọ gba ohùn àgbàlagbà kan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ká sì kọ gbogbo ohun tó bá sọ. Mo gba Ṣágámù lọ bá ìyá bàbá mi, mo gbé fóònù lé àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn àlejò kan tó wá kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní "àn án wá", èmi kọ "wọ́n wá". Kò pẹ́ ni wọ́n kọjú sí èmi àti àbúrò mi, wọ́n tún ní "àn án wá", ẹ̀yin náà ti wá nìyẹn, inú wọn ń dùn pé a wá. Ọ̀rọ̀ kan náà! Mo gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Rúùméètì mi tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ ogbó ló dé, pé kí n tún un ṣe sí Yorùbá gidi kí n má baà féèlì. Ṣé àṣìṣe ni lóòótọ́? Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ wa o.

Ewùrà_Tútù:
Ọjọ́ ogbó kẹ̀! Màmá tó ti ń sọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí bàbá ẹ, ọmọ ọdún kìíní fẹ́ máakì wọn 😂 Bá mi kí wọn jàre, kí wọ́n fi ẹja sí i dáadáa.

Tíṣà_Ìjẹ̀bú_Igbó:
Má pa ohunkóhun dà o, ọmọ mi. Ohun tí màmá sọ ní gírámà nínú, kì í kàn ṣe èyí tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ ẹ ní sẹ́kọ́ńdírì ni. Yorùbá ìwé ní "ẹ" fún àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀, ó ní "wọ́n" fún àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, Ṣágámù títí dé Oǹdó àti Ìkálẹ̀, ẹyọ kan ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Abíọ́dún Adétùgbọ́, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ti sọ èyí nínú iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé tó ṣe ní Yunifásítì Columbia lọ́dún 1967, ó pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí mẹ́ta, àríwá ìwọ̀ oòrùn, àárín, àti gúúsù ìlà oòrùn, inú èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni Ṣágámù wà. Ìyẹn náà ló ṣì ní ìró "gh" àtijọ́, tí ọmọ Ìkálẹ̀ fi ń pe owó ní "eghó". Ẹni tí kò mọ̀ á ní wọ́n ba ọ̀rọ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ló tọ́jú ìró yẹn, Ọ̀yọ́ ló sọ ọ́ di "w". Sọ ìyẹn fún rúùméètì ẹ kó má sùn.

Tó bá ní kò ní yé èèyàn, bi í bóyá ó mọ iye ẹni tí ìyá ẹ̀ ń bá wí tó bá ní "ẹ jókòó". Bàbá arúgbó kan ni àbí ọmọ mẹ́ta? "Wọ́n ti jẹun" ńkọ́, màmá nìkan ni àbí gbogbo ará ilé? Ẹni tó wà níbẹ̀ kò ní ṣì í gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni màmá tìẹ ṣe kọjú sí yín, o sì gbọ́ ọ.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń pe ti Ọ̀yọ́ ní Yorùbá gidi. Ọmọ Òṣogùn ni Ajayi Crowther, ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, òun ló ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì, odindi ẹ̀ jáde lọ́dún 1884. Ìjẹ̀bú nígbà yẹn kò fẹ́ rí míṣọ́nnárì sójú, àfìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣílẹ̀kùn nínú ogun Ìmàgbọ̀n lọ́dún 1892. Ìwé ti jáde fún ọdún mẹ́jọ kí ilẹ̀kùn wa tó ṣí! Ká ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí Crowther ni, "àn án" la ò bá máa kà nínú ìwé, rúùméètì ẹ ni kò bá sì máa wá bi wá léèrè.

Tòótọ́_Ló_Dára:
Gbogbo èyí dáa sir, ṣùgbọ́n kó kọ "àn án wá" sínú WAEC ká wò ó.

Tíṣà_Ìjẹ̀bú_Igbó:
Ta ló ní kó kọ ọ́ sí WAEC? Yorùbá ìwé ni WAEC fẹ́, kó kọ Yorùbá ìwé fún wọn. Èyí tí wọ́n fún un yìí, ohun tí màmá sọ ni wọ́n ní kó kọ. Ìlà mẹ́ta ni kó lò: kó kọ́kọ́ kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ pẹ̀lú àmì ohùn, kó fi iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe sábẹ́ ẹ̀, kó wá fi ìtumọ̀ ẹ̀ ní Yorùbá ìwé sí ìlà kẹta. Ibẹ̀ ni á ti fi "ẹ wá" síbì kan, "wọ́n wá" síbì kejì, tí ìlà àkọ́kọ́ ò ní yí padà.

Aṣa_Orin:
Lítíréṣọ̀ ni tèmi, mi ò gbọ́ gbogbo "gh" yín yẹn. Ṣé màmá kọrin nínú ohùn yẹn? Àwọn ìyá wa kì í fi ọwọ́ lásán rin ewùrà. Tó bá wà níbẹ̀ má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀ o, torí ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀ wà lára ohun tó gbé orin yẹn dúró. "Àn án" lọ sílẹ̀ kó tó gòkè, sílébù méjì, "wọ́n" ti wà lókè tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan, tó o bá pààrọ̀ ẹ̀ orin á já sọ́nà bí ìgbà tí onílù ṣi ọ̀pá gbé. Èyí tí ọ̀pọ̀ yín máa ń gbàgbé, kọ ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín sílẹ̀, kọ ẹni tó gbe orin, kọ pé ewùrà ni wọ́n ń rin lọ́wọ́. Lítíréṣọ̀ alohùn ò sí lórí bébà nìkan.

Ọmọ_Ṣágámù:
Ẹ ṣé gan-an ni sir, ẹ ṣé Aṣa_Orin. Orin wà níbẹ̀ o, méjì, mo ti fẹ́ gé wọn dànù tẹ́lẹ̀ torí mo rò pé wọn ò sí lára iṣẹ́ 🙈 Mo ti kọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún àwọn méjì àkọ́kọ́, rúùméètì náà ló ń bá mi fi àmì ohùn sí i báyìí, ó ní òun ò tíì gbà ṣá. Wàhálà tó kù ni pé "àn án" kẹta wà ní ìṣẹ́jú keje, ariwo ewùrà tí wọ́n ń rin bo ohun tó ṣáájú ẹ̀ mọ́lẹ̀, mi ò wá mọ̀ bóyá àwa ni wọ́n ń bá wí ni àbí àwọn àlejò yẹn. Mo máa pè wọ́n lálẹ́ yìí, tí wọn ò bá tíì sùn.