Ta ni kí n mú fún triathlon (ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ gígùn àti eré sísá lẹ́ẹ̀kan náà), olúwẹ̀ẹ́ ni àbí sárésáré?

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè, ọmọ kan ṣoṣo ni mo lè mú. Ọmọbìnrin ọdún 14 kan ń sá kìlómítà 3 ní ìṣẹ́jú 11. Òkè ìlú wa ò jẹ́ nǹkankan lójú ẹ̀, àmọ́ tó bá ti lúwẹ̀ẹ́ dé mítà 50, ó ti tán nìyẹn. Ọmọkùnrin Ìlàjẹ kan, ọdún 15, lúwẹ̀ẹ́ mítà 400 ní ìṣẹ́jú 6 (etí omi ni wọ́n kúkú bí i sí), ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 14 ló fi sá kìlómítà 3 yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wọn àkókò wọn. Lórí kẹ̀kẹ́, wọn ò jura wọn lọ. Mítà 750 nínú omi, kìlómítà 20 lórí kẹ̀kẹ́, 5 lẹ́sẹ̀ ni ìdíje náà. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ orí yìí, èwo ló yá kọ́ jù: ìlúwẹ̀ẹ́ àbí eré sísá?