Àtẹ̀jíṣẹ́ kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ nínú áàpù

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a kọ "àtẹ̀jíṣẹ́" sára bọ́tìnnì méjèèjì tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nínú áàpù wa: èyí tó ń gba orí nọ́ńbà fóònù lọ, àti èyí tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín àwọn tó ní áàpù kan náà. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ìka la fi ń tẹ méjèèjì. Mi ò fara mọ́ ọn.

Lóòótọ́, bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, títẹ̀ àti jíjẹ́ iṣẹ́ nìkan la ó bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní òun ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín, ibi tí SMS ń wọlé sí lẹ ó kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti fìdí kalẹ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní áàpù wa, tí kò sì ní dátà rárá. Ó tún ní ìwọ̀n: lẹ́tà 160 ni ẹyọ kan ń gbà, àmọ́ tí ẹ bá ti fi ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sí i, ó já sí 70 nìyẹn. Èdè wa gan-an ló ń jìyà rẹ̀! "Ọjọ́" tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú wa, ó kéré tán mẹ́rin ni ètò náà ń kà á sí, torí àmì orí ọ́ ń gba ààyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó fara balẹ̀ fi àmì sí Yorùbá rẹ̀ lè sanwó ẹyọ méjì fún ohun tó rò pé ẹyọ kan ni. Ó yẹ kí bọ́tìnnì jẹ́ kó mọ èyí tó fẹ́ tẹ̀.

Fún ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, "ìtàkùrọ̀sọ" ni mo fara mọ́. Àwọn kan ní ó gùn jù. Lẹ́tà méjì péré ló fi ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra pẹ̀lú fún kí áàpù máa kọ "a ti fi ránṣẹ́" fún ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Rírán ọ̀tọ̀, jíjẹ́ ọ̀tọ̀. Àwọn àgbà ló ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. "Ó ti lọ" tó nígbà tó bá kúrò lórí fóònù, "ó ti dé" nígbà tó bá balẹ̀, "wọ́n ti kà á" lẹ́yìn náà. Tó bá ṣì wà lọ́nà, kí áàpù má sọ pé ó ti jíṣẹ́.